Ọkọ̀ Ojú-Irin Tí Ń Gba Orí Afárá Lọ ní Ìlú Èkó, àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí a lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní sáà tí ó kọjá, àwa mẹ́ta ni wọ́n yàn sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Kábà. Ẹ̀kọ́ tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ni ẹ̀kọ́ nípa ohun ìrìnnà. A ya kẹ̀kẹ́, a ya mọ́tò, a ya ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a dé orí ọkọ̀ ojú-irin, a ya èyí tí ń gba orí afárá lọ ní ìlú Èkó; a ya àwọn òpó gíga sí abẹ́ rẹ̀, a sì na wáyà kan sí òkè orí rẹ̀, a ní láti ara wáyà náà ni ó ti ń gba iná mànàmáná. Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sókè. Ó ní òun lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Orílé, wọ́n mú òun wọ ọkọ̀ náà, òun kò sì rí wáyà kankan ní òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé, “Ẹ jọ̀wọ́ tíṣà, ṣé ẹ̀yin ti wọ̀ ọ́ rí?”

A kò tí ì wọ̀ ọ́ rí. Inú ìwé kan ni a ti rí àwòrán oníwáyà náà. Ọkọ̀ ilẹ̀ mìíràn ni ó wà nínú ìwé náà, àwa ni a fi ìkánjú sọ ọ́ di ti Èkó. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a kò fi irọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀. A sọ fún kíláàsì pé a kò tí ì wọ̀ ọ́, àti pé a ó lọ fi ojú ara wa rí i kí a tó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ àgbà tí ń ṣọ́ wa kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ó kọ, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Nígbà tí ìsinmi dé, a da owó jọ, a sì mú ọ̀nà Èkó pọ̀n.

Ohun tí a rí níbẹ̀, àti èyí tí a kà kún un lẹ́yìn tí a padà dé, ni a kọ sí ìhín. Kò sí ẹni kan nínú wa tí kò ní kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sí ibi tí a kì í ti í gbọ́ ìró fèrè ọkọ̀ ojú-irin. Kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ojú irin àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896 dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó sì tún gbéra, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà ni ó gbà kọjá. Ó fi ilẹ̀ Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Òwòrò sílẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn baba wa a máa fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ mọ́tò kí wọ́n tó rí i.

A gbéra ní Kábà kí ilẹ̀ tó mọ́. A kọjá ní Akúrẹ́, a kọjá ní Iléṣà, a sì dé ẹnu ibodè Èkó ní ọ̀sán gangan. A kò dé ilé tí a ń lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí kò bá mọ Èkó lè rò pé a ṣìnà ni. Rárá o, a jókòó sínú mọ́tò ni, mọ́tò náà sì jókòó sójú ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àwọn ará Èkó ń pè é. Kíákíá ni a fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì sẹ́yìn láti ilé wa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba máìlì díẹ̀ tí ó kù ni ó jẹ ìyókù ọjọ́ náà tán. Ó dá wa lójú pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wa nípa ìdí tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ sí orí òpó tí ó dára ju ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ náà lọ.

Ẹbí ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìyàrá, ni ó gbà wá sílé ní ìtòsí Fẹ́sítáàkì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú wa lọ sí ibùdókọ̀ Mile 2. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ọ̀nà náà. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Ọ̀nà Aláwọ̀ Búlúù. Ìpín rẹ̀ kìíní gùn ní kìlómítà 13, ibùdókọ̀ 5 ni ó sì wà lórí rẹ̀: Mile 2, Alábà, Iganmú, Gbọ̀ngàn Tíátà tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Wọlé Ṣóyínká ní 2024, àti Màrínà tí ó wà ní etí ọ̀sà ní Erékùṣù Èkó. Gbogbo rẹ̀ yóò gùn tó kìlómítà 27 nígbà tí a bá parí rẹ̀ dé Òkòkòmáìkò. Ní ọdún 2010 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù January 2023, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù September ọdún kan náà.

A kì í san owó fún kọ́ńdọ́ níbẹ̀. Káàdì ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń rà, wọn a máa fi owó sínú rẹ̀, a ó sì fi káàdì náà kan ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn kékeré tó ṣí. Káàdì yìí kan náà ni wọ́n ń lò nínú àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá ti ìjọba. A gòkè lọ sí pèpéle tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Àtẹ̀gùn kan wà tí ń rìn fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ, dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ fo odò kọjá, títí ọmọ ọdún mẹ́fà kan fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìlà aláwọ̀ ìyeyè kan wà ní etí pèpéle tí ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni a dúró tí a fi ń yọjú wo ojú irin. Irin méjì tí táyà ọkọ̀ ń tẹ̀ wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni irin kẹta wà, ó ga díẹ̀, wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí bí a ti ń nà ọrùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní irin kẹta yẹn ni iná wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kàn án kò ní rí àyè dágbére fún ará ilé rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní ohun kan bí bàtà irin ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, bàtà náà a máa fi ara ra irin kẹta bí ó ti ń lọ, iná a sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Wáyà tí a yà kò sí lóòótọ́. Ó tún sọ ohun kan tí a kò retí: ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí iná tó dé ojú irin náà ní oṣù October 2023, ẹ̀rọ tí ń mu epo dísù ni ó ń fa ọkọ̀ náà. Èyí ni pé bí ẹlòmíràn bá ya èéfín sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jàre jù wá lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, kò pariwo. Ìyẹn ni ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu, nítorí pé nínú gbogbo ìtàn tí a ti gbọ́, ọkọ̀ ojú-irin a máa kéde ara rẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni ó so pọ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí fúnra wọn, àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ sọ̀kalẹ̀, àwa náà wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ní Mile 2 àti Alábà, àárín ọ̀nà ńlá Badagry ni ojú irin wà, mọ́tò ń lọ ní ọ̀tún, mọ́tò ń lọ ní òsì. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ wa díẹ̀díẹ̀, tàbí kí a wí pé àwa ni a ń gòkè. A rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà. A rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. A rí dánfó onírun ìyeyè tí wọ́n tò bí èèrùn, tí wọn kò mira. Obìnrin kan tí ó gbé agbọ̀n tòmátò sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sùn fọnfọn, kò sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni sùn bẹ́ẹ̀ nínú dánfó.

Lẹ́yìn Gbọ̀ngàn Tíátà ni ibi tí ó wù wá jù lọ dé. Ọkọ̀ náà jáde sórí omi ọ̀sà. Afárá rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, omi wà ní ìhà méjèèjì, ọkọ̀ apẹja wà nísàlẹ̀, àwọn ilé gíga Màrínà sì ń bọ̀ wá pàdé wa. Àwa tí a ti òkè àti igbó wá, a dákẹ́. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ a wo aago: kò tíì tó ìdajì wákàtí láti ìgbà tí a ti kúrò ní Mile 2.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò wà nínú èyí tí olùkọ́ lè lò. Ọkọ̀ náà lè sá tó kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Bí ó bá ń sá bẹ́ẹ̀ láìdúró, ìṣẹ́jú 10 ni yóò fi rin kìlómítà 13, yóò tún ṣẹ́kù díẹ̀. Kí ni ìyókù àkókò wá bá lọ? Jẹ́ kí àwọn ọmọ wá a fúnra wọn: dídúró ní ibùdókọ̀, dídín eré kù kí ó tó dúró, àti fífi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré padà. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 36 ní ọ̀nà kan náà. A dán ìṣirò yìí wò ní kíláàsì, ó sì dùn mọ́ wọn ju ti ẹni tí ó ra ọsàn tí ó sì pín in lọ.

Bí iná ṣe ń darí ọkọ̀ náà yẹ ní sísọ díẹ̀ sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí ọ̀nà dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìlú Chicago, ní oṣù June 1892, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú-irin kan tí ń gba orí òpó irin lọ. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni ó ń fà á, ó ń tu èéfín àti ẹ̀ṣẹ́-iná sórí àwọn tí ń kọjá nísàlẹ̀. Ní ọdún 1895 ọ̀nà mìíràn ní ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná láti ara irin kẹta, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó. Síbẹ̀ ìṣòro kan kù: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń fa gbogbo yàrá, bí yàrá bá sì pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kò lè gbéra. Ní 1897 ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Sprague ronú pé kí a fi ẹ̀rọ sí abẹ́ àwọn yàrá náà fúnra wọn, kí awakọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níwájú sì máa fi ọwọ́ kan pàṣẹ fún gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ gùn sí i, a ó fi yàrá kún un, agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ bí ó ti ń gùn. Bí ó bá sì dé òpin ọ̀nà, a kò ní yí ẹ̀rọ padà. Awakọ̀ yóò rìn lọ sí orí kejì, iwájú yóò di ẹ̀yìn. Ohun tí a rí ní Màrínà gan-an nìyẹn. Awakọ̀ jáde ní orí kan, ó sì wọlé ní orí kejì, bí ẹni tí ó ti ojúlé jáde tí ó gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé.

Ọkọ̀ Chicago ṣì ń rìn títí di òní, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlú náà sì ń fi lọ sí ibi iṣẹ́. Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òpó irin tí ó wà lójú pópó Manhattan ṣíji bo ilé àti ìsọ̀, ariwo wọn kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, àwọn onílé sì kígbe títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn ní 1938. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, ti Third Avenue, dúró iṣẹ́ ní 1955. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìlú náà gbà lọ dípò òkè, bí London ti ṣe láti 1863.

Ti Liverpool súnmọ́ ìtàn tiwa jù. Ní 1893 ni wọ́n ṣí i, òun ni ó kọ́kọ́ lo iná mànàmáná nínú gbogbo irú rẹ̀ ní ayé. Ẹ̀bá èbúté ni ó gbà lọ láti ìkángun dé ìkángun. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá ọkọ̀ Elder Dempster láti Èkó gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ìgbà àtijọ́ ti rí i lókè orí wọn. Àwọn alágbàṣe èbúté fi orúkọ agbòjò pè é, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. A rántí èyí nígbà tí a rí àwọn ará Èkó tí wọ́n sá sí abẹ́ òpó fún òòrùn. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi kọ́ ti Liverpool, afẹ́fẹ́ òkun sì jẹ ẹ́. Nígbà tí owó àtúnṣe rẹ̀ kọjá agbára àwọn tí ó ni ín, wọ́n tì í pa ní òpin ọdún 1956, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ti Èkó. Kọnkéré kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n irin wà nínú rẹ̀, omi iyọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó afárá gbọ́dọ̀ ní owó ìtọ́jú afárá.

A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọdé rò pé ọdún 2023 ni Èkó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ojú-irin nínú ìgboro. Láti 1902 ni táràmù kékeré kan ti wà tí ń lọ láti Ìdó, tí ó gba orí afárá Carter, tí ó wọ inú Erékùṣù. Ooru omi ni ó fi ń rìn. Fífẹ̀ ojú irin rẹ̀ kò ju mìlímítà 762 lọ, nígbà tí ti ọkọ̀ tí ó ti òkè wá jẹ́ 1067. Nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá ti Ìbàdàn dé Ìdó kò lè bá ojú irin táràmù lọ, ńṣe ni èrò àti ẹrù yóò sọ̀kalẹ̀ tí wọn yóò sì paarọ̀. Ní òru, táràmù yìí kan náà a máa kó ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú. A dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ kì í gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́. Ní 1933 wọ́n pa á tì.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1983, Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú-irin ìgboro tuntun tí wọ́n pè ní Metroline. Ní òpin ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985 ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Owó tí ó ṣòfò lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ, a kò sì rí ojú irin kan fún un. Ẹni kan náà ni ó wá di Ààrẹ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, òun ni ó sì ṣí Ọ̀nà Aláwọ̀ Búlúù ní 2023. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ìtàn ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní 1985 ti di ẹni ọdún 38 kí ó tó wọ ọkọ̀ tí ìbá ti gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta a lọ wo Ọ̀nà Aláwọ̀ Pupa, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, tí kò tíì parí. Ọ̀nà yìí lọ láti Agbádó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ó sì ní ibùdókọ̀ 8: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Òyìngbò. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù February 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù October ọdún náà. Kò lo iná bíi ti èkejì. Epo dísù ni ó ń mu. Ìtàn àwọn ọkọ̀ rẹ̀ dùn: Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ wọn, kí wọ́n lè máa ná ọ̀nà Milwaukee sí Chicago. Ìpínlẹ̀ Wisconsin kọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìgbé èrò kankan, títí Èkó fi rà wọ́n ní 2022.

Ilẹ̀ ni ojú irin Pupa wà, ní ipa ọ̀nà ojú irin tí ó lọ sí Ìbàdàn. Wọn kò gbé ọkọ̀ sókè. Ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n gbé sókè. Ní Ìkẹjà, ní Múṣin, ní Yábàá àti ní Òyìngbò, wọ́n kọ́ afárá tí mọ́tò yóò gbà kọjá lórí ojú irin. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 9 oṣù March 2023, ní agbègbè Sògúnlẹ̀, ọkọ̀ ojú-irin kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó níbi tí ọ̀nà mọ́tò àti ojú irin ti dábùú ara wọn. Ènìyàn 6 ni ó kú. Ọkọ̀ ojú-irin kò lè ṣẹ́rí, kò sì lè dúró lójijì. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì bá ti pàdé, ó di dandan kí ọ̀kan dúró, bí kò bá sì dúró, ikú ni.

Ọ̀kan nínú wa sọ pé ti Pupa ni ó gbọ́n jù. Ó ní owó tí a fi gbé afárá mọ́tò mẹ́rin tàbí márùn-ún dúró kò lè tó èyí tí a fi gbé gbogbo ojú irin sókè, àti pé àgbàlagbà kò ní máa fi orúnkún tí ń dùn ún gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Àwa méjì yòókù kò gbà. A ní ojú irin ilẹ̀ a máa gé àdúgbò sí méjì; a rí àwọn tí ń tajà ní ẹ̀bá rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fo kọjá, nítorí pé ọ̀nà afárá jìnnà sí wọn. Lábẹ́ ti Búlúù, ní ibi tí ó ga, ọmọdé lè sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì láìwo ọ̀tún tàbí òsì. Òun náà sì dá wa lóhùn pé, kí ni ìlú tí kò ní ọ̀sà àti irà láti sọdá fẹ́ fi òpó ṣe? Níbí ni a ti fi í sílẹ̀. Bí olùkọ́ wa kan bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà fún wa, a ó dúpẹ́.

Lórí bọ́ọ̀sì ńláńlá, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Láti oṣù March 2008 ni Èkó ti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ó sì ran ìlú lọ́wọ́ púpọ̀ nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú-irin kankan tí ó yẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó yá, kò sì náni lówó tó afárá. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, ó di ẹlẹgbẹ́ dánfó.

Èyí tí ó kàn wá jù nínú ìrònú wa ni ti Àbújá, nítorí pé ó súnmọ́ ilé wa ju Èkó lọ. Ní oṣù July 2018 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú-irin ìgboro níbẹ̀, tí ojú irin rẹ̀ gùn ní kìlómítà 45, tí ó so àárín ìlú pọ̀ mọ́ Ìdù àti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀-àrùn kòrónà, ó dúró, kò sì tún rìn títí di oṣù May 2024. Ojú irin náà dára, àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jìnnà sí ilé àwọn ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé a ní láti wọ mọ́tò kí a tó dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀. Ti Èkó gba ibi tí ènìyàn ti pọ̀ bí yanrìn lọ. Lórí ìyẹn àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà yìí a gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, a sì padà sí kíláàsì wa. A tún àwòrán náà yà. A nu wáyà kúrò, a ya irin kẹta, a fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún, a sì sọ fún wọn ní gbangba pé ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà àti pé ọmọ kíláàsì wọn ni ó tọ́ wa sọ́nà. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo tábìlì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dìde tí ó béèrè ìgbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dé Kábà.

A sọ fún un pé Kábà kò tíì ní èrò tí yóò kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Maruwa ṣì tó wa í lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n a yà án sórí pátákó pé ojú irin kan wà tí kò jìnnà sí wa, ní Ìtakpé, lójú ọ̀nà Òkéné. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987 láti máa fi kó òkúta irin, wọ́n ṣí i fún iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù September 2020, ó gba Àjàòkúta lọ títí dé Warri, ó sì ju kìlómítà 300 lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1435, bákan náà pẹ̀lú ti Búlúù àti ti Pupa ní Èkó. Ọmọ náà bi wá pé, ṣé èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ Èkó lè rìn lórí ti Ìtakpé? A ní ti Búlúù kò lè rìn níbẹ̀, nítorí pé kò sí irin kẹta ní Ìtakpé. Ti Pupa tí ń mu epo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá ojú irin náà mu, bí ẹnìkan bá lè gbé e débẹ̀. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà kan sínú ìwé rẹ̀ láti Ìtakpé wá sí Kábà. Nígbà tí agogo lù tí àwọn yòókù ti jáde, ó ṣì ń yà á.